Ẹ Bá Wọn Ṣe Ọ̀nà Àbùjá sí Géèmù Àtijọ́

Sí Olóòtú Àgbà,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo òṣìṣẹ́ ìwé ìròyìn yín kú iṣẹ́. Ìdí tí mo fi kọ lẹ́tà yìí ni láti rọ àwọn tó ń mójú tó ojú ìwé ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà pé, nígbàkígbà tí wọ́n bá ń kọ́ àwọn òǹkàwé bí a ṣe ń gbá géèmù àtijọ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, kí wọ́n má ṣe dúró níbi tí géèmù ti ṣí lẹ́ẹ̀kan. Kí wọ́n kọ́ni dé ibi tí a ti ń ṣe ọ̀nà àbùjá sí i sójú kọ̀ǹpútà, ìyẹn àmì kan (shortcut) tí a kàn máa tẹ̀ tí géèmù yóò fi ṣí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni iṣẹ́ náà parí sí fún ẹni tó ni géèmù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí bàbá mi ni mo rí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣì ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó, wọ́n ra Prince of Persia sórí kọ̀ǹpútà wọn, géèmù tí Jordan Mechner ṣe, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 1989 fún kọ̀ǹpútà Apple II, tó sì dé orí DOS, ètò tó ń darí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà láyé ìgbà náà, lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Ìṣẹ́jú 60 péré ni ẹni tó ń gbá a ní láti jáde nínú túbú kó sì gba ọmọbìnrin ọba sílẹ̀, mo sì rántí bí wọ́n ṣe máa ń fara sún mọ́ ojú kọ̀ǹpútà bí ìṣẹ́jú náà bá ti ń tán lọ. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ra láptọ́ọ̀pù tuntun, wọ́n sì gbé CD tí wọ́n tọ́jú ẹ̀dà géèmù wọn sí fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ládùúgbò. Ó fi DOSBox, ètò tó ń jẹ́ kí géèmù DOS ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun, sí i, ó ṣí géèmù náà lójú wọn, ó gba owó rẹ̀, ó lọ.

Ní ọjọ́ kejì, bàbá mi tẹ àmì DOSBox. Ojú dúdú kan yọ, Z:\> ni a kọ sí i, pẹ̀lú ìlà kékeré kan tó ń ṣẹ́jú. Wọ́n kọ “prince”, ẹ̀rọ dá wọn lóhùn pé “Illegal command”. Wọ́n fi lẹ́tà ńlá tún un kọ, ìdáhùn kan náà ni. Wọ́n pa á dé, wọn kò sì sọ fún ẹnikẹ́ni fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, nítorí wọ́n rò pé àwọn ni wọ́n bà á jẹ́. Ó dùn mí dọ́kàn nígbà tí mo gbọ́.

Kò sí ohun tó bàjẹ́. Windows oní-bíìtì 64 tó wà lórí kọ̀ǹpútà òde òní kò lè ṣí ètò oní-bíìtì 16 tí a kọ fún DOS. DOSBox, tó kọ́kọ́ jáde lọ́dún 2002 tí a kì í sì í san owó fún, ló ń fara wé kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà, títí kan káàdì tó ń gbé ohùn jáde. Ṣùgbọ́n kò mọ ohunkóhun nípa fódà yín títí ẹ ó fi fi hàn án pẹ̀lú àṣẹ tó ń jẹ́ mount, bí ẹ bá sì ti pa á, ó ti gbàgbé nìyẹn. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà kọ àṣẹ yìí lójú bàbá mi lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá jù, kò sì sọ fún wọn pé lójoojúmọ́ ni wọn yóò máa kọ ọ́.

Mo fi Notepad, ètò ìkọ̀wé inú Windows, kọ fáìlì kan tí mo pè ní prince.conf, mo sì fi í sínú fódà géèmù náà, C:\Games\Prince. Ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ autoexec láàárín àkámọ́ onígun, tó ń sọ fún DOSBox pé kó ṣe gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ ní kété tó bá ti ṣí. Lábẹ́ rẹ̀, lórí ìlà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ni “mount c C:\Games\Prince”, “c:”, “prince” àti “exit”. Ẹ ṣọ́ra fún Notepad o: a máa fi .txt kún orúkọ fáìlì láìsọ fún ni, àfi bí a bá yan All Files kí a tó tọ́jú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, mo fi bọ́tìnnì ọ̀tún máòsì tẹ ibi tó ṣófo lójú kọ̀ǹpútà, mo yan New, mo yan Shortcut, mo sì kọ èyí:

"C:\Program Files (x86)\DOSBox-0.74-3\DOSBox.exe" -conf "C:\Games\Prince\prince.conf" -noconsole

Àmì àyọlò wọ̀nyẹn ṣe pàtàkì, nítorí àlàfo tó wà láàárín Program àti Files. Noconsole ló ń fi fèrèsé kejì, tó kún fún ọ̀rọ̀ tí kò kan bàbá mi, pa mọ́. Mo sọ ọ̀nà àbùjá náà ní Géèmù Bàbá. Mo wá kọ ọ́ sórí ìwé, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹ̀gbẹ́ tábìlì wọn, pé Alt pẹ̀lú Enter ni yóò jẹ́ kí géèmù kún ojú kọ̀ǹpútà, pé bí ó bá ń fà, kí wọ́n tẹ Ctrl pẹ̀lú F12, bí ó bá sì ń sáré jù, Ctrl pẹ̀lú F11.

Àwọn tó ń ta géèmù àtijọ́ ti mọ èyí tipẹ́. GOG, ilé ìtajà géèmù lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2008, a máa di DOSBox mọ́ ọ̀pọ̀ géèmù DOS tó ń tà, tó fi jẹ́ pé ẹni tó rà á kò ní ju àmì kan lọ láti tẹ̀. Géèmù tí a ní ẹ̀tọ́ sí ni mò ń sọ o, ìyẹn èyí tí a rà, tàbí irú apá àkọ́kọ́ Doom ti ọdún 1993, tí àwọn tó ṣe é fúnra wọn gbà kí a máa pín kiri.

Mo bẹ̀ yín, ẹ tẹ irú àlàyé yìí jáde pẹ̀lú àwòrán àti lẹ́tà tó tóbi tó fún ojú àgbà. Ẹ sì bá mi sọ fún àwọn tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe pé, kí wọ́n tó gba owó, kí wọ́n pa kọ̀ǹpútà náà, kí wọ́n tún un tàn, kí wọ́n gbé máòsì lé oní-nǹkan lọ́wọ́, kí wọ́n sì dúró wò ó. Bàbá mi dé ìpele kẹta lánàá.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Òǹkàwé yín kan, Ìbàdàn