Lẹ́tà sí Àkàndé: kí o tó ta fèrè náà

Mọ́kọ́lá, Ìbàdàn.

Àkàndé ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo sì kí àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé lẹ́tà ti di nǹkan àtijọ́ láàárín àwa méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ tí mo ní í sọ gùn ju ohun tí ènìyàn ń tẹ̀ ránṣẹ́ lórí fóònù lọ, bí mo bá sì pè ọ́, ẹ̀rín ni ìwọ yóò fi bò ó mọ́lẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ.

Ẹ̀gbọ́n yín, Ìyá Bísí, ni mo pàdé ní ọjà Dùgbẹ̀. Wọ́n ní o ń wá ẹni tí yóò ra sasofóònù rẹ. Mo ní kò lè rí bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní ẹnu rẹ ni àwọn ti gbọ́ ọ, pé iṣẹ́ òru kò jẹ́ kí o ní èémí tí o lè fi fun ún mọ́, àti pé ẹni tó ti lé ní àádọ́ta ọdún kò ní ohun tí ó tún fẹ́ fi fèrè ṣe. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín, mo sì ra ẹ̀fọ́ tí n kò nílò.

N kò ní bá ọ jiyàn. Orin ni mo fẹ́ kí o gbọ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi tó ń kọ́ṣẹ́ ìgbohùnsílẹ̀ ní Èkó ló kó àwọn àwo kan sínú fóònù mi nígbà Kérésì, àwo àwọn olórin jáàsì àti ti rọ́ọ̀kì tí wọ́n kọjú orin wọn sí ìràwọ̀ àti òfuurufú, tí wọn kò sì bìkítà bóyá ẹnikẹ́ni lè jó sí i. Ìyàwó mi ní ó dà bí ìgbà tí ẹ́ńjìnnì mólúè ń kú lọ. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀ ní àkọ́kọ́.

Sun Ra ni àgbà nínú wọn. Birmingham ní ìpínlẹ̀ Alabama ni wọ́n bí i sí ní 1914, ṣùgbọ́n nígbà tí ó dàgbà ó ní òun kì í ṣe ọmọ ayé yìí rárá, pé pílánẹ́ẹ̀tì Saturn ni òun ti wá, kò sì yí ohùn padà títí ó fi kú ní 1993. Rẹ́rìn-ín bí o bá fẹ́. Àmọ́ ọmọ dúdú tí wọ́n tọ́ dàgbà ní Alabama láyé ìgbà náà, tí òfin kò jẹ́ kí ó jókòó síbi tó wù ú nínú bọ́ọ̀sì, kí ni kò fi ní wá ìlú mìíràn fún ara rẹ̀? Ó kó ẹgbẹ́ jọ, ó pè é ní Arkestra, ó fi aṣọ tó ń kọ mànàmànà wọ̀ wọ́n, ó sì ń kó wọn ṣe ìdánrawò tọ̀sán-tòru. Àwọn fúnra wọn ló ń ṣe àwo wọn jáde, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń kun páálí àwo mìíràn lọ́kọ̀ọ̀kan kí wọ́n tó tà á níbi eré. Má ṣe bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó le. Wá Lanquidity ti 1978, tí ìlù rẹ̀ ń rọra rìn, tí àwọn fèrè ń yọ́ wọlé láìkanlẹ̀kùn. Lẹ́yìn ìyẹn ni kí o tó dé The Magic City, tí wọ́n gbà sílẹ̀ ní 1965, tí orin kan ṣoṣo gba odindi ojú kan àwo náà. Orúkọ ìnagijẹ Birmingham ni wọ́n fi pe àwo yẹn, nítorí náà ará Saturn wa kò gbàgbé ilé.

Sun Ra àti ẹgbẹ́ rẹ̀ wá sí Èkó fún FESTAC, àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú, ní 1977, Àkàndé! Mo fẹ́ bi Bàbá yín bóyá wọ́n rí ẹgbẹ́ náà nígbà tí àwọn fúnra wọn ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ tó ń dùn wọ́n ni a máa ń sọ títí ilẹ̀ yóò fi ṣú.

John Coltrane, àgbà afunsasofóònù jáàsì ńkọ́? Ìwọ lo fi í hàn mí, ṣùgbọ́n o fi àwo rẹ̀ tó ń jẹ́ Interstellar Space pamọ́ fún mi. Oṣù kejì 1967 ni wọ́n gbà á sílẹ̀: òun àti Rashied Ali tó ń lùlù nìkan, kò sí dùùrù, kò sí béèsì. Mars, àgùàlà, Jupiter àti Saturn ni orin mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dúró fún. Coltrane á kọ́kọ́ mi agogo wẹ́wẹ́, lẹ́yìn náà ni ilẹ̀ yóò yà. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ó ṣeré ní Harlem, ní gbọ̀ngàn tí Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò lẹ́bàá Àgbádárìgì, dá sílẹ̀. Ogunde ni orin tó kọ́kọ́ fun níbẹ̀. Ìgbohùnsílẹ̀ náà ń ha gbàràgbàrà, síbẹ̀ n kì í lè pa á. Oṣù keje ni Coltrane kú, ẹni ogójì ọdún.

Nínú àwọn onírọ́ọ̀kì, ẹgbẹ́ Magma ti ilẹ̀ Faransé ni kí o gbọ́. Christian Vander, onílù wọn, tí ikú Coltrane fẹ́rẹ̀ẹ́ bà jẹ́ pátápátá, ṣẹ̀dá pílánẹ́ẹ̀tì kan tó pè ní Kobaïa, ó sì ṣẹ̀dá èdè tí wọ́n ń fi kọrin níbẹ̀. Àwo wọn ti 1973, Mekanïk Destruktïw Kommandöh, dà bí akọrin ìjọ wa lálẹ́ ìṣọ́ òru nígbà tí ẹ̀mí bá gbé wọn, àyàfi pé kò sí ẹni tí yóò gbàdúrà ìparí. Ẹgbẹ́ Gong, tí wọ́n fi ìkòkò tíì fò lójú ọ̀run, ń pa mí lẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó tètè ń sú mi.

Ìròyìn ilé rèé: Ìyá Ìjọ ti papòdà, Sùnmọ́nù ti di bàbá ìbejì, òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì ṣì ń jò.

Nísinsin yìí, ohun tó mú mi kọ̀wé. Láti 1968 ni ẹgbẹ́ Sun Ra ti ń gbé ní Philadelphia, ní òpópónà Morton ní Germantown, nínú ilé tí bàbá Marshall Allen ní tẹ́lẹ̀. O ti ń gbé ìlú yẹn láti ìgbà tí àkọ́bí rẹ kò tíì rìn, o kò sì sọ ọ́ fún mi! Sasofóònù ni Marshall Allen yìí ń fun bíi tìrẹ. Láti 1958 ló ti wà nínú ẹgbẹ́ náà, òun ló sì ń darí rẹ̀ láti 1995. Ó pé ọgọ́rùn-ún ọdún ní oṣù karùn-ún 2024, ní 2025 ni àwo àkọ́kọ́ tó jẹ́ ti orúkọ ara rẹ̀ jáde. Ìwọ ni èémí rẹ kò tó.

Jọ̀wọ́, wádìí ìgbà tí ẹgbẹ́ náà yóò ṣeré, gba àyè lálẹ́ ọjọ́ náà, kí o lọ jókòó níwájú. Bí o bá dé ilé tí o ṣì fẹ́ tà á, má ṣe tà á fún àjèjì. Sọ iye rẹ fún mi, èmi yóò wá owó náà, kódà bí mo bá ní láti san án díẹ̀díẹ̀.

Èmi ni tìrẹ,
Àlàbí