Lẹ́tà sí àbúrò mi tí ó fẹ́ tún ilé bàbá wa ṣe ní Òjé

Àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ọ̀rọ̀ tí o fi ránṣẹ́ láti Èkó tẹ̀ mí lọ́wọ́, inú mi sì dùn pé ilé bàbá wa ní Òjé, ní Ìbàdàn níbí, ṣì wà lọ́kàn rẹ. O ní owó ti ń kóra jọ díẹ̀, o sì fẹ́ fi sìmẹ́ńtì rẹ́ gbogbo ara ògiri, kí o gbé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lé yàrá méjì tí ó wà lẹ́yìn, kí o sì kan sílíìnì tuntun kí ọdún Iléyá tó dé. Ohun kan ni mo fẹ́ bẹ̀ ọ́ pé kí o fi ṣáájú gbogbo èyí, ohun náà ni omi. Jẹ́ kí a lé omi kúrò lára ilé náà ná, kí a tó ná kọ́bọ̀ lórí ẹwà rẹ̀.

Mo ní ìdí tí mo fi ń sọ bẹ́ẹ̀. Ní ọdún kẹta lẹ́yìn tí bàbá wa dolóògbé, èmi náà fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri iwájú ilé. Birikilà tí mo pè mọ iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù dáadáa, ṣùgbọ́n nínú àwa méjèèjì, kò sí ẹni tí ó rántí pé ilé búlọ́ọ̀kù kọ́ ni a dúró níwájú rẹ̀. Amọ̀ pupa ni ilé náà, èyí tí wọ́n fi ẹsẹ̀ pò, tí wọ́n mọ ní ìpele ìpele, tí wọ́n sì jẹ́ kí ìpele kan gbẹ kí wọ́n tó mọ òmíràn lé e. Ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ kan, ìdí nìyẹn tí inú ilé fi máa ń tutù nígbà tí oòrùn ẹ̀ẹ̀rùn bá mú. Amọ̀ a máa fa omi, a sì máa tú u sílẹ̀ padà bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ sí i. Bí ó bá mumi, a wú, bí ó bá gbẹ, a súnkì. Sìmẹ́ńtì kì í bá a wú, kì í sì í jẹ́ kí omi tí ó há sẹ́yìn rẹ̀ ráyè jáde. Kí ọdún méjì tó pé, sìmẹ́ńtì tí mo rẹ́ ti gbé ara kúrò lára ògiri, bí a bá sì fi ọwọ́ kàn án, a dún bí igbá òfìfo. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan ó já lulẹ̀, a sì rí i pé amọ̀ tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ ti rọ̀ bí ẹ̀kọ gbígbóná. Owó tí mo ná kò dùn mí tó bí mo ṣe rí i pé ọwọ́ ara mi ni mo fi ba ìdí ògiri tí bàbá bàbá wa mọ jẹ́.

Nítorí náà, jẹ́ kí n sọ ibi tí omi ń gbà dé ara ilé náà fún ọ. Èkíní ni ilẹ̀ àyíká. Nígbà tí a wà ní kékeré, àtẹ̀gùn méjì ni a máa ń gùn kí a tó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀; nísinsìnyí, a ń sọ̀ kalẹ̀ ni. Ọ̀dà tí wọ́n ń dà sí ojú títì lérí ara wọn, yẹ̀pẹ̀ tí àgbàrá ń gbé wá àti pàǹtírí ọdún pípẹ́ ti gbé ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú ilé lọ, gbogbo òjò sì ń wọ́ sí ìdí ògiri. A ní láti wa ilẹ̀ náà kúrò títí ìpìlẹ̀ olókùúta yóò fi hàn padà, kí a ṣe é kí ó dagẹ̀rẹ̀ sí ìta, kí a sì la gọ́tà yí ilé ká. Lẹ́bìrà tí ó ní ṣọ́bìrì lè ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Nínú gbogbo iṣẹ́ tí ilé náà ń fẹ́, kò sí èyí tí owó rẹ̀ kéré tó o, kò sì sí èyí tí èrè rẹ̀ pọ̀ tó o. Balùwẹ̀ tí ó fara ti ògiri ẹ̀yìn náà gbọ́dọ̀ kúrò níbẹ̀, nítorí omi ọṣẹ tí àwọn ayálégbé ń dà ní àràárọ̀ àti ní alaalẹ́ ti jẹ ẹsẹ̀ ògiri náà wọnú tó ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́.

Lẹ́yìn èyí ni òrùlé. Páànù náà ti dípẹtà, èyí kò pamọ́ fún ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n má ṣe jẹ́ kí káfíńtà kan páànù tuntun lé igi àtijọ́ láìjẹ́ pé ó fi òòlù kan igi kọ̀ọ̀kan wò. Igi tí ikán ti jẹ nínú máa ń dún gbọ̀ngbọ̀n, ojú rẹ̀ sì lè dán bí ẹni pé kò sí nǹkan kan. Sọ fún un pé kí etí òrùlé yọ síta tó ẹsẹ̀ méjì àti ààbọ̀, kí ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ òjò lè bọ́ sínú gọ́tà dípò kí ó máa ta sí ara amọ̀. Bí àwọn ilé ìgbàlódé ṣe ń gé etí òrùlé kúrú, tí wọ́n sì ń fi ògiri bò ó, lè bá búlọ́ọ̀kù mu. Ikú ni fún ilé alámọ̀. Láàárín oṣù kọkànlá sí oṣù kejì ni kí a ṣí òrùlé náà. Bí a bá ṣí i nínú oṣù keje, òjò ọjọ́ kan péré tó láti wó yàrá kan.

Bí ògiri bá ti gbẹ tán, ìgbà náà ni a óò rẹ́ ẹ, amọ̀ náà ni a óò sì fi rẹ́ ẹ: ilẹ̀ pupa tí a sẹ́, tí a fi yanrìn lú, tí sìmẹ́ńtì inú rẹ̀ kò ju nǹkan bí ìdá 5 nínú 100 lọ. Ibi tí ògiri bá ti jẹ dànù pátápátá, búlọ́ọ̀kù ilẹ̀ pupa tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀ ni kí a fi dí i, torí pé òun àti amọ̀ jẹ́ ìbátan.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Mo bẹ̀ ọ́ gidigidi, mú un kúrò lọ́kàn. Dẹ́kìn, ìyẹn kọnkéré tí a ń dà lé orí yàrá ìsàlẹ̀ kí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lè dúró lé e, bí ó bá jẹ́ ti yàrá kan péré, tí gígùn àti ìbú rẹ̀ jẹ́ ẹsẹ̀ 12, tí ó sì nípọn tó ínǹṣì 6, yóò wúwo tó nǹkan bí tọ́ọ̀nù 5, kí ẹnikẹ́ni tó gbé bẹ́ẹ̀dì tàbí ọmọ sórí rẹ̀. Amọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ̀ kò lè ru ẹrù bẹ́ẹ̀. Ìwọ tí o ń gbé Èkó kò lè gbàgbé ilé tí ó wó ní Ìta-Fájì ní ọjọ́ 13 oṣù kẹta ọdún 2019, pẹ̀lú àwọn ọmọ ilé-ìwé tí ó wà nínú rẹ̀. Bí yàrá tí a ní kò bá tó wa, jẹ́ kí a kọ́ yàrá méjì ọ̀tọ̀ sí àyè tí ó ṣófo lẹ́yìn, pẹ̀lú àwòrán ẹnjiníà, ìwé àṣẹ ìjọba, àti ìpìlẹ̀ tirẹ̀. Kí wọ́n má ṣe de búlọ́ọ̀kù rẹ̀ mọ́ ògiri amọ̀, nítorí bí èyí ṣe ń rì sílẹ̀ yàtọ̀ sí bí tọ̀hún ṣe ń rì, ojú ibi tí wọ́n ti so pọ̀ ni yóò sì là. Nígbà tí o bá sì fẹ́ ra irin, ka ọ̀pá rẹ̀: tọ́ọ̀nù kan irin oní-mìlímítà 12, tí gígùn ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mítà 12, jẹ́ nǹkan bí ọ̀pá 94. Bí ẹni tí ń tà á bá ka 110 fún ọ, má ṣe rò pé èènì ni. Irin náà ni ó tín-ínrín.

Sílíìnì pálọ̀ tí o fẹ́ yọ, ásíbẹ́sítọ́ọ̀sì ni. Má ṣe gbà kí ẹnikẹ́ni fi ayùn rẹ́ ẹ tàbí kí ó fọ́ ọ mọ́lẹ̀, nítorí eruku rẹ̀ lè wà nínú ẹ̀dọ̀fóró fún ogún ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ kí ó tó di àrùn jẹjẹrẹ. Kí wọ́n fi omi rin ín, kí wọ́n tú u ní odindi, kí wọ́n fi ìbòmú tí a ṣe fún eruku kíkúnná bo imú, kí àwọn ọmọdé sì wà ní ilé ẹlòmíràn lọ́jọ́ náà.

Ó ku ọ̀rọ̀ ẹbí. Ilé mọ̀lẹ́bí ni ilé yìí, owó tí o bá sì ná lé e lórí kò lè sọ ọ́ di tìrẹ lábẹ́ òfin, bí ó ti wù kí ó pọ̀ tó. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí o ń wá nìyẹn, ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí a bí kò tí ì mọ̀. Jẹ́ kí a pe ìpàdé, kí olórí ẹbí àti àwọn àgbà fọwọ́ sí ìwé iṣẹ́ tí a fẹ́ ṣe, kí a sì kọ iye tí ẹnìkọ̀ọ̀kan dá sílẹ̀. Kí a fi yàrá tí bàbá wa sùn sí hàn àwọn òṣìṣẹ́ pẹ̀lú, kí ẹnikẹ́ni má baà gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀.

Má ì tí ì fi owó ránṣẹ́. Wá sí Ìbàdàn nínú oṣù kẹsàn-án, nígbà tí òjò ṣì pọ̀. A óò jọ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ó bá ń rọ̀, a óò sì fi ẹfun sàmì sí gbogbo ibi tí omi bá gbà wọlé. Mo ti ra ẹfun náà sílẹ̀.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Òjé, Ìbàdàn.