Ẹ̀yin ọmọ mi, owó orin tẹ́ ẹ san yẹn, ta ló gbà á?

Ẹ̀yin ọmọ mi, lọ́kùnrin lóbìnrin, mo kí yín o. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ lẹ́nu yín, ẹ máa ń ní "mi ò jí orin, mo sanwó, káàdì mi ni mo fi rà á, wọ́n sì fún mi ní rìsíìtì", tẹ́ ẹ bá ti sọ bẹ́ẹ̀ tán ọkàn yín á balẹ̀, torí sáìtì tẹ́ ẹ ti rà á lókè òkun lọ́hùn-ún rí bíi ti gidi, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àwọn ní láísẹ́ǹsì, odindi álíbọ́ọ̀mù sì ń lọ ní owó pọ́ọ́kú. Mo mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀kánjúwà ló gbé ọ̀pọ̀ yín débẹ̀. Ẹni tó fẹ́ jalè kì í yọ káàdì jáde. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń kọ lẹ́tà yìí sí yín, torí ẹni tó ń wá bó ṣe máa ṣe dáadáa ló yẹ kí àgbà bá sọ̀rọ̀.

Kéèyàn sanwó ọ̀tọ̀, kéèyàn gba àṣẹ ọ̀tọ̀. Orin kan ṣoṣo tẹ́ ẹ ń gbọ́ yẹn lè ní ju oní-nǹkan kan lọ: ẹni tó kọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ tó sì gbé ohùn ẹ̀ kalẹ̀ ní tiẹ̀, ẹni tó ni rékọ́ọ̀dù tí wọ́n gbà sílẹ̀, tó sábà máa ń jẹ́ ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù, náà ní tiẹ̀, ẹni tó bá sì fẹ́ tà á ní láti gba àṣẹ lọ́dọ̀ méjèèjì. Tí kò bá gbà á, kò ní nǹkan kan lọ́wọ́ tó lè tà fún yín, ì báà jẹ́ ẹgbẹ̀rún dọ́là lẹ fún un.

Ẹ jẹ́ n sọ ti AllOfMP3 fún yín, sáìtì kan tó ń ta orin láti Moscow ní Rọ́ṣíà, torí ọ̀pọ̀ nínú yín ò tíì gbọ́n nígbà yẹn. iTunes ti ilé iṣẹ́ Apple ṣí ọjà orin ẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní oṣù kẹrin 2003, orin kan jẹ́ 99 sẹ́ǹtì. Àwọn ará Moscow yìí ní tiwọn ń fi mẹ́gábáìtì, ìyẹn bí fáìlì orin ṣe tóbi tó, ṣírò, sẹ́ǹtì bíi mélòó kan ni mẹ́gábáìtì kan, ẹ lè fi dọ́là méjì sí mẹ́ta kó odindi álíbọ́ọ̀mù lọ sílé. Wọ́n ní àwọn ò rú òfin, pé ẹgbẹ́ kan tó ń jẹ́ ROMS ló fún àwọn ní láísẹ́ǹsì, àwọn sì ń san nǹkan fún un. Kì í ṣe irọ́ pátápátá o, torí òfin kọ́píráìtì Rọ́ṣíà ti 1993 gbà kí ẹgbẹ́ tó ń bá olórin gbowó fún èèyàn láṣẹ lórí orin ẹni tí kì í ṣe ọmọ ẹgbẹ́ wọn pàápàá. Àmọ́ àwọn ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù ńlá ní àwọn ò bá ROMS ṣe àdéhùn kankan, àwọn ò sì rówó gbà. Ibi tó ń dùn mí gan-an nìyẹn. Owó ń wọlé, rìsíìtì ń jáde, ẹni tó fi òru ṣe ọ̀sán kọ orin yẹn ò mọ̀ pé wọ́n ń ná òun lọ́jà.

Nígbà tó di 2006, Visa, ilé iṣẹ́ káàdì ìsanwó, ò bá wọn gbowó mọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún yẹn, Amẹ́ríkà àti Rọ́ṣíà fọwọ́ sí àdéhùn torí Rọ́ṣíà ń wá bó ṣe máa wọ WTO, àjọ tó ń rí sí òwò láàárín àwọn orílẹ̀-èdè, títi irú sáìtì bẹ́ẹ̀ pa sì wà nínú ohun tí Rọ́ṣíà ṣèlérí. Oṣù kan lẹ́yìn ẹ̀ àwọn ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù pe àwọn tó ni AllOfMP3 lẹ́jọ́ ní New York, nígbà tó sì di oṣù keje 2007 sáìtì náà ti kógbá wọlé.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á sọ pé kóòtù Moscow mà dá ọ̀gá wọn, Denis Kvasov, sílẹ̀ ní oṣù kẹjọ 2007. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹjọ́ ọ̀daràn lábẹ́ òfin Rọ́ṣíà ni wọ́n dá, wọn ò dá ẹjọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ jókòó sílùú míì tẹ́ ẹ ń dáńlóòdù. Òfin kọ́píráìtì kì í bá ọjà sọdá òkun. Orílẹ̀-èdè tí kọ̀ǹpútà yín wà lẹ ti ṣe kọ́pì, òfin ibẹ̀ ló sì máa bi yín léèrè. Ní Amẹ́ríkà, kóòtù lè ní kéèyàn san owó ìtanràn fún ẹni tó ni orin, láti 750 dọ́là dé 30,000 lórí iṣẹ́ kan ṣoṣo, tó bá sì jẹ́ pé ẹni náà mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, ó lè dé 150,000, kéèyàn sì ní òun ò mọ̀ lè dín owó náà kù ni, kò ní kí ẹjọ́ má sí. Ní Yúróòpù, àwọn kan rò pé tó bá ti jẹ́ fún ìlò ara ẹni, ibi yòówù kí orin ti wá ò ṣe nǹkan kan, títí kóòtù àgbà wọn fi sọ ní 2014 pé àyè tí òfin fi sílẹ̀ fún kọ́pì ara ẹni ò kan èyí tó wá láti orísun tí kò bófin mu.

Ẹ jẹ́ ká wá pa ti òfin tì díẹ̀, torí èèyàn lè bọ́ lọ́wọ́ adájọ́ kó má bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀rí ọkàn ẹ̀. Àwọn àgbà ní ẹni tó gbé epo lájà ò jalè bí ẹni tó gbà á sílẹ̀. Èmi ò ní fi òwe yẹn lu gbogbo yín o, ẹni tí wọ́n tàn jẹ ò lè jọ ẹni tó mọ̀ tó sì dijú. Àmọ́ tí iye tí wọ́n ń tà á bá kéré débi pé ẹ̀yin fúnra yín ń ṣe kàyééfì, tẹ́ ẹ wá rọra yára tẹ "buy" kí kàyééfì yẹn tó di ìbéèrè, ẹ ti mọ nǹkan kan nìyẹn.

Ẹ máa ń sọ fún mi pé ilé iṣẹ́ rékọ́ọ̀dù gan-an ń rẹ́ olórin jẹ. Mi ò ní jiyàn, àdéhùn burúkú pọ̀ nídìí iṣẹ́ orin, ọ̀pọ̀ olórin ló kú sínú gbèsè tí orin wọn sì ń lówó lórí. Àmọ́ díẹ̀ tí wọ́n ń fún un yẹn, ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ gbà á lọ́wọ́ ẹ̀ ni? Ẹni tí wọ́n rẹ́ jẹ ò bẹ̀ yín pé kẹ́ ẹ bá òun gbẹ̀san báyẹn.

Ohun kan wà tí mo gbà pẹ̀lú yín o, pé kì í ṣe gbogbo orin tó pọ́ọ́kú lókè òkun ló lẹ́bọ nídìí. Nígbà míì àwọn tó ni ín fúnra wọn ló fi iye ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sí i láti ìlú dé ìlú. Ìgbà kan wà tí iTunes ń ta orin fáwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní iye tó ju tàwọn ará Yúróòpù yòókù lọ, kò sì jẹ́ kí wọ́n rà á níbi tó ti pọ́ọ́kú, ìgbìmọ̀ Yúróòpù gbé ọ̀rọ̀ náà dìde ní 2007, ní oṣù kìíní 2008 Apple ní àwọn máa mú iye náà dọ́gba. Ẹni tó bínú sí irú ẹ̀ ò ṣàìdáa. Ẹni tó bá wá fi VPN, ohun tó ń fi ìlú téèyàn wà pa mọ́ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tàbí àdírẹ́sì tí kì í ṣe tiẹ̀ ra orin ní ṣọ́ọ̀bù ìlú míì, ó ti yẹ àdéhùn ṣọ́ọ̀bù yẹn, mi ò sì gbà yín nímọ̀ràn ẹ̀, àmọ́ owó ẹ̀ ṣì ń dé ọ̀dọ̀ olórin, èyí ò lè jọ ti sáìtì tí kò mọ olórin rí.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, ẹ lọ sí sáìtì olórin náà fúnra ẹ̀, ẹ wo ibi tó ní kí wọ́n ti ra orin òun. Tí kò bá dárúkọ ṣọ́ọ̀bù yẹn níbẹ̀, ẹ kọ̀wé bi í, ọ̀pọ̀ wọn ló máa ń fèsì, pàápàá àwọn tí kò tíì lókìkí. Ibi bíi Bandcamp wà, tó jẹ́ pé nínú orin tí wọ́n bá dáńlóòdù, ìdá 15 nínú ọgọ́rùn-ún ló ń mú, tí iye tí olórin tà bá sì ti tó 5,000 dọ́là á sọ ọ́ di 10. Ẹlòmíì nínú wọn á tiẹ̀ ní iye tó bá wù yín lẹ lè san, ẹ ò rí i pé èyí náà pọ́ọ́kú, àṣẹ sì wà ńbẹ̀.

Èyí tẹ́ ẹ ti rà sílẹ̀ ńkọ́? Èyí tẹ́ ẹ fẹ́ràn níbẹ̀, ẹ rà á lọ́tun lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, díẹ̀díẹ̀, bí agbára bá ṣe ká a, ẹ sì pa ìyókù rẹ́. Tí owó bá ṣẹ́ kù nínú àkáǹtì yín lọ́hùn-ún, ẹ má tìtorí ẹ̀ padà síbẹ̀, kẹ́ ẹ sì ní kí báńkì yín bá yín pààrọ̀ káàdì tẹ́ ẹ fi sanwó fún wọn.

Èmi ni, bàbá yín.