Wọ́n Ní Kí N Yan Ọ̀kan Nínú Àwọn Ìbejì Mi: Lẹ́tà Ẹ̀sùn sí Ilé-iṣẹ́ Ọkọ̀ Ojú Omi

Sí ọ̀gá ẹ̀ka tó ń gbọ́ ẹ̀sùn oníbàárà,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá Ìbejì ni mo jẹ́, London la ń gbé. Èyí tí mo kọ ní Gẹ̀ẹ́sì ti wà lọ́wọ́ yín, nọ́ńbà búkìn wa wà nínú ẹ̀, ẹ má wulẹ̀ sọ pé ẹ ò rí i. Mo tún kọ èyí ní Yorùbá, mo sì gbé e síta, torí pé àwọn èèyàn wa tó ń gbé nílùú Ọba pọ̀ tí wọ́n ń wo ádífáàtì yín báyìí, tí wọ́n ń ro ibi tí wọ́n máa kó ọmọ lọ nígbà họ́lídé, mi ò sì fẹ́ kí ojú ẹnikẹ́ni rí ohun tí ojú mi rí lórí ọkọ̀ ìgbafẹ́ yín tó gbé wa lọ sí Nọ́wè.

Ẹ̀sùn tí mo ní pọ̀, àmọ́ ibì kan náà ni gbogbo ẹ̀ ti wá: ẹ mọ̀ pé àwọn ọmọdé ń bọ̀. Ẹ mọ̀ ọ́n dájúdájú. Ìdí nìyẹn tówó yín fi máa ń fò sókè tó bá ti di ìparí July, ọkọ̀ kan náà ni o, kábínì kan náà, ìlú kan náà tí wọ́n ń lọ ní June náà ni. Ẹni tó mọ̀ pé àlejò ń bọ̀, tó tún ti gbowó oúnjẹ lọ́wọ́ àlejò, kò yẹ kó wá máa sọ lẹ́nu ọ̀nà pé oúnjẹ ò kárí.

Kì í kúkú ṣe pé August ló wù wá. Ní England níbí, tóo bá yọ ọmọ ẹ kúrò ní sukúù láìgba àṣẹ, fáìnì ni. Láti August 2024, páùn 80 ni òbí kọ̀ọ̀kan máa san lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan tó bá san án láàárín ọjọ́ 21, tó bá kọjá bẹ́ẹ̀ ó di 160. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, èmi àti bàbá wọn, ọmọ méjì ní sukúù, páùn 320 nìyẹn ká tó jáde nílé. Torí náà ìgbà tí sukúù bá palẹ̀ mọ́ nìkan la lè lọ, ẹ̀yin náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé a máa san iyekíye tẹ́ ẹ bá pè é.

Ká tó wá mú yín, a wò ó dáadáa. Èmi ni mo jókòó tì í lálaalẹ́ tí àwọn ọmọ bá ti sùn. Àwọn ilé-iṣẹ́ kan wà tó jẹ́ pé àgbàlagbà nìkan ni wọ́n ń gbé, àwọn kan gba ọmọ àmọ́ kò sí nǹkan kan tí ọmọ máa fi ọwọ́ kàn nínú ọkọ̀ wọn láti àárọ̀ dalẹ́. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kì í gba ọmọ tí ò tíì pé oṣù 6, mo mọ̀ pé kílọ́ọ̀bù ọmọdé, ibi tí òṣìṣẹ́ ti ń bójú tó àwọn ọmọ tó ń ṣeré nínú ọkọ̀, sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 3, ọmọ náà á sì ti gbọ́dọ̀ bọ́ lọ́wọ́ dáyápà. Ìdòwú mi jẹ́ ọmọ ọdún 2, mi ò bẹ̀ yín kẹ́ ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ ni kábínì méjì tí ilẹ̀kùn wà láàárín wọn, torí Màmá mi ló máa sun pẹ̀lú àwọn ìbejì, eékún Màmá ò sì dáa. Mo fẹ́ kí àwọn ìbejì, ọmọ ọdún 7, ríbi ṣeré. Mo fẹ́ ká máa jẹun alẹ́ ní ìpele àkọ́kọ́, ìyẹn bí aago mẹ́fà ààbọ̀, torí ọmọ kékeré. Ọmọbìnrin tó gbé fóònù dá mi lóhùn pẹ̀lú sùúrù, ó ní kò sí wàhálà, ó sì fi ímeèlì ránṣẹ́ lọ́jọ́ yẹn gan-an, interconnecting wà nínú ẹ̀, early dining wà nínú ẹ̀, wọ́n sì kọ ọ́ síbẹ̀ pé kílọ́ọ̀bù ọmọdé wà nínú owó tí a san. Ímeèlì yẹn ni mo fi so mọ́ lẹ́tà Gẹ̀ẹ́sì. A ò sì ra tíkẹ́ẹ̀tì guarantee o, èyí tí owó ẹ̀ máa ń dín díẹ̀ tí ilé-iṣẹ́ á wá fúnra wọn yan kábínì tó bá wù wọ́n fún èèyàn. A san owó tó pé pérépéré ká lè yan tiwa.

A dé Southampton, a kọjá síkiọ́rítì, a gba káàdì, la bá rí i pé kábínì tèmi àti bàbá wọn pẹ̀lú Ìdòwú wà ní dẹ́kì 5, ìyẹn àjà karùn-ún ọkọ̀, ti Màmá àtàwọn ìbejì wà ní dẹ́kì 10. Dẹ́kì 10! Ẹ ò sọ fún wa ṣáájú, ẹ ò tẹ̀ wá láago, ẹ ò fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́. Mo lọ sí risẹ́pṣọ̀n, wọ́n ní kọ̀ǹpútà ló yí i padà, ọkọ̀ sì ti kún, kí n máa lọ gbádùn ara mi.

Ibí yìí gan-an ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti gbọ́ mi dáadáa. Nọ́ńbà kábínì ni wọ́n fi ń pín ibi tí kálukú máa lọ tí àgogo ewu bá dún. Báńdì tí wọ́n so mọ́ Táíwò àti Kẹ́hìndé lọ́wọ́, C ni wọ́n kọ sí i. Ti Ìdòwú, A. Mo dúró sí kọ́rídọ̀ mo ń wo ọwọ́ àwọn ọmọ mi, ara mi bù máṣọ. Torí ohun tí C àti A yẹn ń sọ ni pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ lóru, ìyá àgbà tó ń fi ọ̀pá rìn ló máa kó ọmọ ọdún 7 méjì láti dẹ́kì 10 lọ sí ọ̀nà kan, àwa òbí wọn á wà ní ọ̀nà kejì, a ò sì ní lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Kí ẹnikẹ́ni má sọ fún mi pé mò ń bẹ̀rù lásán. Costa Concordia dojú dé ní Giglio ní Ítálì ní January 2012, èèyàn 32 ló kú, torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe yí òfin padà tó fi jẹ́ pé gbogbo èrò gbọ́dọ̀ ṣe ìdánrawò ewu kí ọkọ̀ tó gbéra tàbí bó bá ṣe ń gbéra. A ṣe ìdánrawò náà, ẹbí kan ṣoṣo, lójú ibi méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mo bẹ òṣìṣẹ́ tó wà níbẹ̀ kó bá wa pa á pọ̀, ó ní òun ò láṣẹ.

Òru ọjọ́ tí òkun ru, Kẹ́hìndé ń bì. Màmá ò mọ nọ́ńbà tí wọ́n máa tẹ̀ lára fóònù inú kábínì, gbogbo ohun tó wà lára ẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni pẹ̀lú àwòrán kéékèèké, wọn ò sì lè fi èyí tó ń bì sílẹ̀. Ni Táíwò bá ṣílẹ̀kùn jáde láti wá mi wá. Ọmọ ọdún 7, nínú aṣọ oorun, láìwọ bàtà, lóru, nínú ọkọ̀ tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn tí a ò mọ̀ rí wà. Ọkùnrin tó ń fi ẹ̀rọ nu kápẹ́ẹ̀tì ló rí i níbi àtẹ̀gùn, tó ń sunkún tó ń ka nọ́ńbà ilẹ̀kùn, ó wo báńdì ọwọ́ ẹ̀, ó fà á lọ́wọ́ títí wọ́n fi kan ilẹ̀kùn wa. Mi ò mọ orúkọ ọkùnrin náà, Ọlọ́run á bá mi san án fún un. Àmọ́ ẹ̀yin, tí ìlérí yín bá ṣẹ ni, ìlẹ̀kùn kan péré ni ọmọ yẹn ò bá ṣí.

Ó wá kan kílọ́ọ̀bù. Ọjọ́ kejì lójú òkun, kò sí ìlú tí a máa dé, gbogbo ọmọ tó wà nínú ọkọ̀ ló fẹ́ lọ. A tò, a tò, ó kàn wá. Kẹ́hìndé ti bọ́ sálúbàtà ẹ̀ torí pé wọn kì í wọ bàtà wọbẹ̀. Obìnrin tó wà lẹ́nu ọ̀nà wo tábúlẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ẹ̀, ó ní ààyè kan ló kù fún àwọn ọmọ ọdún 5 sí 8, kí n sọ èyí tó máa wọlé nínú àwọn méjèèjì.

Kí n sọ èyí tó máa wọlé!

Kẹ́hìndé di sálúbàtà ẹ̀ mú, ó ń wojú mi. Táíwò sì ti mú un lọ́wọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bímọ ní ọ́fíìsì yẹn, ẹ dá mi lóhùn, èwo ni kí n mú? Lọ́dọ̀ tiwa a kì í ya ìbejì. Tí a bá ra aṣọ fún Táíwò, a ra ti Kẹ́hìndé, ohun tọ́kan bá jẹ èkejì á jẹ, bí wọ́n ṣe tọ́ èmi náà nìyẹn torí ìbejì ni mí. Mi ò ní kí obìnrin yẹn mọ àṣà Yorùbá. Àmọ́ kò sí àṣà kankan láyé yìí tí wọ́n ti ń ní kí ìyá yan ọ̀kan sílẹ̀ níwájú ìkejì. A padà lọ sí kábínì. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n máa wá forúkọ sílẹ̀ láàárọ̀ kùtù, mo lọ, ìlà ti gùn dé ibi lífùtù, ààyè tún tán.

Wọ́n ní iye òṣìṣẹ́ tó wà ni wọ́n fi ń díwọ̀n iye ọmọ, pé ọ̀rọ̀ ààbò ni. Mo fara mọ́ ọn, èmi gan-an ò fẹ́ kí ẹ kó ọmọ mi sáàárín èrò tí ẹnì kan ò ní rójú wò ó. Ṣùgbọ́n nígbà tí a ń búùkù, ẹ gba ọjọ́ ìbí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ó ti lé ní oṣù mẹ́fà tẹ́ ẹ ti mọ iye ọmọ ọdún 7 tó máa wọ ọkọ̀ yẹn, ọjọ́ orí wọn wà nínú kọ̀ǹpútà yín. Kí ló dé tẹ́ ẹ ò gba òṣìṣẹ́ kún un? Owó tẹ́ ẹ fi lé tíkẹ́ẹ̀tì August, kí lẹ fi ń ṣe?

Oúnjẹ alẹ́, aago mẹ́jọ ààbọ̀ lẹ fi wá sí. Ìdòwú á ti gbé orí lé tábìlì kí ọbẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé. Ti púùlù, wọ́n ní ọmọ tó bá wọ dáyápà, kódà kó jẹ́ dáyápà ìlúwẹ̀ẹ́, kò gbọ́dọ̀ wọ̀ ọ́. Òfin ìmọ́tótó ni, ó wọ́pọ̀ lórí ọkọ̀, mi ò bá yín jà sí i, ṣùgbọ́n ẹ bá mi yọ àwòrán ọmọ jòjòló tó ń lúwẹ̀ẹ́ kúrò lójú ewé ìwé ìpolówó yín.

Mi ò ní purọ́ mọ́ yín, àwọn ibi tó dáa wà. Màmá mi ń lo páàsìpọ́ọ̀tù Nàìjíríà, ẹ sọ fún wa láti ìbẹ̀rẹ̀ pé wọn ò lè wọ ọkọ̀ láìní físà Schengen torí Nọ́wè la ń lọ, a tètè gbà á. Ní Bergen a wọ Fløibanen, ọkọ̀ ojú irin tó ń gun òkè Fløyen, àwọn ọmọ ò fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Ní Geiranger, Màmá jókòó sójú fèrèsé, wọ́n ń wo omi tó ń já bọ́ láti orí àpáta, wọ́n ń kí Ọlọ́run. Ìrìnàjò tó yẹ kó jẹ́ bẹ́ẹ̀ látòkè délẹ̀ ni ẹ bà jẹ́ mọ́ wa lọ́wọ́.

Èsì tẹ́ ẹ wá fi ránṣẹ́ ló bí mi nínú jù. Fáúṣà ni, ẹ̀dínwó lórí ìrìnàjò mìíràn, mo wá ka ìsàlẹ̀ ẹ̀ níbi tí wọ́n kọ ọ́ wínníwínní sí, pé a ò lè lò ó nígbà họ́lídé sukúù. Ẹ mọ̀ pé ọmọ mi wà ní sukúù. Torí ẹ̀ náà lẹ ṣe gbowó yẹn lọ́wọ́ mi. Mi ò gbà á, ẹ máa gbé e padà.

Òfin ilẹ̀ yìí, Package Travel and Linked Travel Arrangements Regulations ti 2018, sọ pé ohun tẹ́ ẹ tà fún wa lẹ gbọ́dọ̀ fún wa, tí kò bá sì rí bẹ́ẹ̀, ẹ máa dín owó kù, ẹ sì máa san owó gbà-má-bínú tó bá yẹ. Káàdì kírẹ́dítì ni bàbá wọn fi san án, Section 75 nínú òfin Consumer Credit Act sì dáàbò bo ẹni tó bá fi irú káàdì bẹ́ẹ̀ ra nǹkan tówó ẹ̀ lé ní páùn 100 tí kò sì ju 30,000 lọ, ẹ̀tọ́ tí a ní sí yín la ní sí báǹkì náà.

Ẹ̀yin ará wa tẹ́ ẹ ń kà á, ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ fún yín pé kílọ́ọ̀bù wà nínú owó. Ẹ bi wọ́n léèrè iye ọmọ tó ń gbà lẹ́ẹ̀kan, bóyá ẹ lè gba ààyè sílẹ̀ kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì gba nọ́ńbà kábínì méjèèjì ní kíkọ. Tí wọ́n bá ń pẹ́ sọ, ẹ gbé owó yín lọ síbòmíì.

Ohun tí mo fẹ́ lọ́wọ́ yín rèé. Kẹ́ ẹ dá owó kábínì kejì padà odindi, torí pé ohun tí a rà kọ́ lẹ fún wa. Kẹ́ ẹ kọ̀wé sí mi, kẹ́ ẹ ṣàlàyé bí ẹ ṣe pín ẹbí tó ní ọmọ kékeré sí ibi àpéjọ ewu méjì, àti ẹni tó fọwọ́ sí i. Kẹ́ ẹ wá ọkùnrin tó mú Táíwò wá sọ́dọ̀ mi, kẹ́ ẹ sì kọ orúkọ ẹ̀ sílẹ̀ fún rere. Mo fún yín ní ọjọ́ 28. Tí mi ò bá gbọ́, mo máa gbé e lọ sọ́dọ̀ ABTA, ẹgbẹ́ àwọn ilé-iṣẹ́ tó ń ta ìrìnàjò, tí àmì wọn wà lórí ìwé yín, a sì máa kọ̀wé sí báǹkì lọ́jọ́ kan náà.

Èmi ni,
Ìyá Ìbejì, London