Omi tó wọlé yẹn, iná lè wà nínú ẹ̀

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan.

Gbogbo ìgbà tí òjò bá ti ń halẹ̀ lẹ máa ń kìlọ̀ fún wa nínú ìwé ìròyìn yín, ẹ ó ní ká kó ẹrù sókè, ká kó ìwé pàtàkì sínú ọ̀rá, ká má wa mọ́tò gba inú àgbàrá, gbogbo ẹ̀ ló dáa, mi ò kóyán ẹ̀ kéré rárá. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan wà tí mi ò tíì rí kẹ́ ẹ kọ ọ́ gbàǹgbà, òun ló jẹ́ kí n jókòó ti fóònù lálẹ́ yìí, iná mànàmáná inú ilé ni.

Díẹ̀ ló kù kó pa àbúrò mi ọkùnrin. Òru ni omi wọlé wa, kò tíì ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, gbogbo wa ń sáré kó nǹkan, ló bá rántí fíríìjì, ó ní òun fẹ́ lọ yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀ kó má baà bàjẹ́. Ẹkisitẹ́ńṣọ̀n tí fíríìjì yẹn wà lára ẹ̀ ti wà lábẹ́ omi, kò sẹ́ni tó rántí. Bó ṣe ku bí ìṣísẹ̀ méjì kó débẹ̀, ó ní ẹsẹ̀ òun ń ṣe òun rìnrìn, ó rò pé òtútù ni, bàbá wa tó dúró lórí àtẹ̀gùn ló pariwo mọ́ ọn pé "Padà! Má gbé ẹsẹ̀ kankan síwájú mọ́!" Ó sì padà. Gílóòbù ilé ṣì ń tàn o, fíríìjì ṣì ń dún, kò sí bírékà kankan tó já. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù di òní nìyẹn, pé kò sí nǹkan kan tó jọ ewu nínú yàrá yẹn, omi kàn dákẹ́ rọ́rọ́ sílẹ̀ ni, iná sì wà nínú ẹ̀.

Àtìgbà yẹn ni mo ti ń bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ iná léèrè pé kí ló dé tí bírékà ò fi já, èsì tí wọ́n fún mi ni mo fẹ́ kí gbogbo èèyàn mọ̀. Bírékà àti fíúùsì tó wà nílé ọ̀pọ̀ nínú wa, wáyà ni wọ́n ń ṣọ́, wọn ò ṣọ́ èèyàn, iṣẹ́ wọn ni kí wáyà má gbóná débi tó máa dáná sílé. Bírékà 20 áńpù (áńpù ni wọ́n fi ń wọn bí iná tó ń ṣàn ṣe pọ̀ tó) ò ní já àfi tí iná tó ń gba inú ẹ̀ kọjá bá ju 20 áńpù lọ. Èèyàn ńkọ́? Áńpù 0.01 péré ti lè mú iṣan ọwọ́ le débi téèyàn ò ní lè jọ̀wọ́ ohun tó dì mú, tó bá fi máa tó áńpù 0.1 tó sì gba àyà kọjá, ó lè da ìlù ọkàn rú kí ọkàn má lè tú ẹ̀jẹ̀ mọ́. Ẹ fi ìyẹn wé 20. Iná á ti ṣe ohun tó fẹ́ ṣe fún èèyàn tán, bírékà ò ní mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Oríṣi bírékà kan wà tó ń ṣọ́ èèyàn, RCD lorúkọ ẹ̀, àwọn ibòmíràn ń pè é ní GFCI. Ṣe ló máa ń wo iná tó ń lọ àti iná tó ń bọ̀, tí méjèèjì ò bá ti dọ́gba, ìyẹn ni pé iná ń gba ibòmíràn lọ, bóyá ara èèyàn, bóyá omi, á já wàì. Àwọn tí wọ́n sábà máa ń fi sílé, tí iná tó ń sá lọ bá ti tó áńpù 0.03 wọ́n ti já. Bọ́tìnì kékeré kan máa ń wà lára ẹ̀ tí wọ́n kọ TEST tàbí T sí, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ lóṣooṣù, tẹ́ ẹ bá tẹ̀ ẹ́ tí kò já, kò wúlò mọ́ nìyẹn, ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Mi ò sọ pé tẹ́ ẹ bá ti ní in kẹ́ ẹ máa wá rìn nínú omi o.

Àwọn kan á ní ṣebí bàtà rọ́bà ni àwọn wọ̀. Bàtà rọ́bà tó ti lu, tàbí tómi ti wọnú ẹ̀, kò ní gba ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Omíyalé kì í sì í ṣe omi lásán, omi tó mọ́ gaara tí kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ gbé iná, iyọ̀ àti ìdọ̀tí inú omi ló ń gbé e, ẹ̀yin náà ẹ wo omi tó ti gba inú gọ́tà àti ṣalángá kọjá kó tó wọ pálọ̀ yín. Awọ ara wa pàápàá, tó bá gbẹ ó máa ń dènà iná díẹ̀, tó bá ti rẹ, ìdènà yẹn ti lọ.

Torí náà, kí omi tó dé ni ká ti pa méènì, ìyẹn súìṣì ńlá tó ń já iná gbogbo ilé. Tí ojú ọjọ́ bá ti ṣú lọ́nà tẹ́ ẹ mọ̀ pé omi lè wọlé, ẹ dúró síbi tó gbẹ, kí ọwọ́ yín gbẹ, kẹ́ ẹ pa á, kẹ́ ẹ tan tọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó ní ínfátà kó pa òun náà lọ́tọ̀, torí pípa méènì nìkan kì í pa ínfátà, sólà sì máa ń mú iná wá látorí òrùlé níwọ̀n ìgbà tí ilẹ̀ bá ti mọ́. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ pé omi lẹ máa là kọjá kẹ́ ẹ tó dé ìdí méènì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ jáde tọ́nà bá gbẹ, ẹ gòkè tí kò bá gbẹ, kẹ́ ẹ pe iléeṣẹ́ iná kí wọ́n já a níta. Mo mọ̀ pé ó le láti máa wo fíríìjì níbi tó ti ń wọ omi. Ní tiwa lọ́jọ́ yẹn, bàbá wa nìkan ló mọ ibi tí méènì wà, àwa ọmọ ò mọ̀ ọ́n, ká ní wọn ò sí nílé ńkọ́?

Ìgbà tómi bá wá fà lọ, ìyẹn gan-an ló ń tan àwọn èèyàn jẹ. Ilẹ̀ ti gbẹ, wọ́n ti fọ ẹrẹ̀ kúrò, wọ́n bá tan méènì. Ẹrẹ̀ ṣì wà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì, omi ṣì wà nínú páìpù wáyà lára ògiri. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, fíúùsì àti bírékà tómi bá ti bò, pípààrọ̀ ni, kì í ṣe nǹkan téèyàn ń sá sóòrùn. Ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fi irinṣẹ́ wọn wáyà wò kẹ́ ẹ tó tan ohunkóhun, fíríìjì àti ẹ̀rọ ìfọṣọ náà bẹ́ẹ̀.

Jẹnẹrétọ̀ náà ńkọ́. Ẹ má gbé e sínú ilé tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀, kó jìnnà tó mítà 6 ó kéré tán sí fèrèsé àti ilẹ̀kùn, èéfín ẹ̀ ní gáàsì kan tí kò ní àwọ̀ tí kò sì ní òórùn, ojú oorun ló ti ń pa èèyàn. Ẹ má sì fi púlọ́ọ̀gì gbé iná ẹ̀ wọnú sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé láìsí ṣéńjóófà tó ń ya iná ilé kúrò lára wáyà ìta, torí iná yẹn á jáde sí wáyà ìta, tó bá dé tiransifọ́mà á di ẹgbẹẹgbẹ̀rún fóòtì, ẹni tó wà lórí òpó tó ń bá wa tún iná ṣe, tó gbà pé wáyà ti kú, ló máa bá a pàdé.

Wáyà tí ìjì bá já lulẹ̀, ẹ jìnnà sí i tó mítà 10, bí kò bá tiẹ̀ ta pàrà, torí ilẹ̀ tó yí i ká lè ní iná. Ẹni tó bá wà nínú mọ́tò tí wáyà já lé, kó jókòó síbẹ̀ títí wọ́n á fi já iná, àfi tí mọ́tò bá ń jó. Ti àrá, kẹ́ ẹ yọ púlọ́ọ̀gì kó tó bẹ̀rẹ̀ ni, kì í ṣe ìgbà tó bá ti ń sán lórí òrùlé, kẹ́ ẹ sì dúró 30 ìṣẹ́jú lẹ́yìn èyí tó sán gbẹ̀yìn kẹ́ ẹ tó wẹ̀ tàbí fọ abọ́.

Bí iná bá sì ti gbé ẹnì kan, ẹ má dì í mú! Ẹ pa iná náà lórísun ẹ̀ tọ́wọ́ yín bá lè dé e láìfẹsẹ̀ kan omi, kẹ́ ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Olóòtú, ẹ̀bẹ̀ mi ò pọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá ti ní òjò ńlá ń bọ̀, ẹ fi àpótí kékeré kan sójú ewé àkọ́kọ́, kẹ́ ẹ kọ ọ́ pé PA MÉÈNÌ KÍ OMI TÓ DÉ, MÁ RÌN NÍNÚ OMI LỌ PA Á, kẹ́ ẹ fi nọ́ńbà iléeṣẹ́ iná sábẹ́ ẹ̀. Tí àyè ò bá sì gba gbogbo lẹ́tà yìí, ẹ gé e bó ṣe wù yín, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gé ibi tí mo ti sọ pé bírékà ò já.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín