Ọmọ ń ké ìwé, kò mọ̀ ọ́n kà

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Aránṣọ ni mí ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà-Ọba, Ìlọrin níbí. Ọ̀rọ̀ ọmọ ọmọ mi ni mo bá wá. Ọmọ ọdún méje ni, ó wà ní kíláàsì kejì, wọ́n sì fún un ní 82 nínú ìwé kíkà ní táàmù tó kọjá. Inú mi dùn, mo ní kó kà á sí mi létí. Ó bẹ̀rẹ̀, ohùn rẹ̀ ń dún bí agogo. Àṣé èmi tí mò ń bá a ṣí ìwé ti ṣí abala méjì pọ̀, epo ti lẹ̀ wọ́n mọ́ra. Ìkòkò ló wà níwájú wa, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ inú abala tí a fò ni ọmọ mi ń kà lọ ràì, ó tún ń fìka tọ ọ̀rọ̀! Mo fi ìka lé "pot" nìkan, mo ní kí lèyí? Ojú mi ló wò, kò wo ìwé.

Mo lọ sí kíláàsì náà lọ́jọ́ kejì. Ọmọ bí àádọ́ta, mẹ́rin-mẹ́rin lórí bẹ́ǹṣì. Tíṣà á dá a, àwọn ọmọ á gbè é. N kò bínú sí tíṣà, iṣẹ́ náà pọ̀. Ṣùgbọ́n bí àádọ́ta ẹnu bá là lẹ́ẹ̀kan náà, ta ni yóò mọ èyí tó ń kà? Ẹni tí kò gbọ́ ohùn ọmọ ní òun nìkan, níbo ló ti rí 82?

Mo rántí ilé kéwú tí a lọ ní kékeré. Àwa náà ké títí ohùn fi há, àtòrì sì wà lọ́wọ́ Àáfà, n kò ní purọ́ pé ibẹ̀ dùn. Ṣùgbọ́n kálukú ló ní wàláà tirẹ̀, pátákó tí a ń kọ ẹ̀kọ́ sí. Bó bá kàn ọ́, wàá gbé e lọ síwájú Àáfà, wàá fìka tọ ọ́, ìwọ nìkan. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, a kì í fọ wàláà rẹ láti kọ ẹ̀kọ́ tuntun sí i. Ibi tó o wà lánàá náà lo máa wà lónìí. Kò sẹ́ni tó ń fúnni ní máàkì ẹ̀tàn. Kí ló dé tí ilé ìwé kò lè mú ìyẹn nìkan lò, kí wọ́n fi àtòrì sílẹ̀? Ọmọ márùn-ún lóòjọ́, ìṣẹ́jú mẹ́ta-mẹ́ta. Láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tíṣà á ti gbọ́ gbogbo àádọ́ta.

Èdè tí a fi ń bẹ̀rẹ̀ náà wà ńbẹ̀. "A" inú "ata" náà ni "a" inú "ajá". Ẹ wá wo "cat", "cake" àti "ball": lẹ́tà kan, ohùn mẹ́ta. Lẹ́tà 25 péré la ní ní Yorùbá, ọmọ tó bá mọ̀ wọ́n pẹ̀lú dò-rè-mí lè ka ọ̀rọ̀ tí kò rí rí. Láti 1970 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti dán an wò ní Ilé-Ifẹ̀: Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ fún ọdún mẹ́fà, wọ́n kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì lọ́tọ̀, Gẹ̀ẹ́sì wọn kò sì burú ju ti ẹgbẹ́ wọn. Síbẹ̀, ìlànà pé kí a máa fi èdè abínibí kọ́ àwọn ọmọ, èyí tí ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ní 2022, wọ́n ti wọ́gi lé e ní oṣù kọkànlá 2025. N kò fara mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó lè wọ́gi lé ohun tí mò ń ṣe nínú ṣọ́ọ̀bù mi.

Ìwé tí mò ń kọ ìwọ̀n oníbàárà sí ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Mò ń pè é, ọmọ ń kọ ọ́: àyà 38, ìdí 44. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, "iya ibji" ló kọ. N kò pa á rẹ́. Mo ní kó ka ohun tó kọ fún mi. Ó dé "ib", ó dúró, ó bú sẹ́rìn-ín, ó sì ki "e" bọ àárín. Ó tún kọ gígùn apá 12 ní 21, búbà ìyá ìyàwó fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ọwọ́ rẹ̀ tán. Ọpẹ́lọpẹ́ pé èyí tó gùn ṣeé gé. Ká ní 21 ló di 12 ńkọ́? Lálẹ́, mo máa ń pa àlọ́, bí mo bá dé ibi tí Ìjàpá ti fẹ́ sọ̀rọ̀, mo kọ ọ̀rọ̀ náà sínú bébà, mo dákẹ́. Bí kò bá kà á, àlọ́ kò ní lọ síwájú.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín, Olóòtú: ẹ fi igun kan sílẹ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn ọmọdé, kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi, kí ẹ sì fi àmì sí i pé. Ọmọ mi ka àkọlé yín kan lọ́sẹ̀ tó kọjá, "OKO JO", kò ní àmì kankan. Ó bi mí pé ṣé oko ló jó ni, ọkọ̀ ló jó, àbí ọkọ ìyàwó ló ń jó. N kò tíì dá a lóhùn.

Èmi ni tiyín,
Ìyá Aránṣọ, Ìlọrin