Ẹ gé ẹ̀bùn yẹn wẹ́wẹ́, kọ́wọ́ ọmọ lè tó o

Olóòtú, okun o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú làálàá ìwé ìròyìn. Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá àwọn òbí sọ, pàápàá àwa tá a wà nílẹ̀ Okun níbí, láti Kabba dé Ìjùmú dé Yàgbà, torí ìdánwò WAEC ti ń sún mọ́lé, ìlérí sì ti ń pọ̀ lẹ́nu àwọn òbí.

"Tó o bá pàsì, fóònù ńlá ni màá rà fún ẹ. Tó o bá wọ yunifásítì, ọ̀kadà ni." Ìfẹ́ ọmọ ló ń mú wọn sọ ọ́, mi ò bá ẹnikẹ́ni wí. Àmọ́ ẹ wò ó, ìgbà tí wọ́n bá ṣe ìdánwò tán, ó tún di oṣù mélòó kan kí èsì tó jáde, ọmọ tó jókòó ti ìwé Físíìsì ní aago méje alẹ́ yìí, tí oorun ń kùn ún, tí àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ ń pè é pé wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ bọ́ọ̀lù, kí ni fóònù tó ṣì wà lọ́nà jíjìn fẹ́ ṣe fún un lálẹ́ yìí? Kò rí i, kò lè fọwọ́ kàn án, bọ́ọ̀lù ló ń gbọ́ ariwo ẹ̀.

Lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ, ohun tí mo sì rí tó ń gbé wọn ró ò ju nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ lọ. Ṣe ìṣirò márùn-ún, wá ibi tó o ti ṣì í, tún un ṣe, kó o wá gba ẹ̀pà ẹ. Ka orí kan tán, pa ìwé dé, sọ ohun tó o kà fún mi, kó o wá jáde lọ bá ọ̀rẹ́ ẹ tàkúrọ̀sọ díẹ̀ kó o padà wọlé. Ẹ̀pà ni o, tàbí pọ́ọ̀fù-pọ́ọ̀fù, tó bá jẹ́ àsìkò kájú, kájú tútù náà á ṣe é. Ọmọ tí ìdí ẹ̀ kì í gbélẹ̀ tẹ́lẹ̀ ló máa ń sọ pé "sà, ẹ fún wa ní márùn-ún sí i". Ohun tó fà á ni pé kóríyá yẹn dé ní kété tó parí iṣẹ́, ọkàn ẹ̀ so méjèèjì pọ̀, ó sì mọ̀ pé òun ti ṣe nǹkan parí, ìyẹn gan-an dùn mọ́ ọmọ ju bá a ṣe rò lọ.

Àwọn bàbá wa mọ èyí dáadáa. Ẹni tó bá bá wọn lọ sí ọ̀wẹ̀ rí á sọ fún yín, ebè tẹ́ ẹ ń kọ lọ́jọ́ yẹn, ó di oṣù méje mẹ́jọ kí ẹnikẹ́ni tó jẹ iṣu ẹ̀, síbẹ̀ ẹni tó bẹ ọ̀wẹ̀ ò ní ní kẹ́ ẹ dúró de ìkórè. Tẹ́ ẹ bá ti kọ ọ́ dé ibi tẹ́ ẹ fi àmì sí, ẹ ó bọ́ sábẹ́ igi, iṣu sísun ti wà nílẹ̀, epo wà, ẹmu wà fún àgbà, ẹ ó jẹ, ẹ ó ṣẹ̀fẹ̀, ẹ ó tún dìde.

Àwọn oníwèé náà ti yẹ̀ ẹ́ wò. Lọ́dún 2014, Ọ̀jọ̀gbọ́n Katherine Milkman ti yunifásítì Pennsylvania l'Amẹ́ríkà àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ gbé iṣẹ́ kan jáde, wọ́n ní kí àwọn kan máa gbọ́ ìtàn alárinrin tí wọ́n kà sínú ẹ̀rọ, àmọ́ ibi tí wọ́n ti ń ṣe eré ìmárale nìkan ni wọ́n ti lè gbọ́ ọ. Níbẹ̀rẹ̀, àwọn yẹn ń lọ síbẹ̀ ju àwọn tí wọn ò ṣe bẹ́ẹ̀ fún lọ, ó fi ìdá 51 nínú ọgọ́rùn-ún lé. Àmọ́ nígbà tí wọ́n lọ ìsinmi tí wọ́n dé, agbára ẹ̀ ti rọ̀. Ẹ̀yin òbí, ẹ ṣàkíyèsí ìyẹn, tí ọlidé bá parí ẹ tún un bẹ̀rẹ̀, ẹ má rò pé ọmọ á rántí fúnra ẹ̀.

Ibi tó yẹ ká ti ṣọ́ra gan-an nìyí o. Nǹkan tí ọmọ ti fẹ́ràn láti máa ṣe tẹ́lẹ̀, ẹ má ṣèlérí ẹ̀bùn kankan lé e lórí. Lọ́dún 1973, àwọn onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá mẹ́ta kan, Lepper, Greene àti Nisbett, dán an wò ní ilé ìwé jẹ́lé-ó-sinmi kan ní yunifásítì Stanford l'Amẹ́ríkà, àwọn ọmọ tó fẹ́ràn àwòrán yíyà ni wọ́n lò, wọ́n ṣèlérí sátífíkéètì aláràbarà fún àwọn kan tí wọ́n bá yàwòrán. Ọ̀sẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀, tí kò sí ẹ̀bùn mọ́, àwọn tí wọ́n ṣèlérí fún wọ̀nyẹn ni ò fi bẹ́ẹ̀ yàwòrán mọ́, àwọn tí wọn ò ṣèlérí fún ń yà á lọ ní tiwọn. Torí náà ọmọ tó ń ka ìwé ìtàn fún ìgbádùn ara ẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í sílẹ̀, ẹ yìn ín, ó tó. Ìṣirò tó ń sá fún ni kẹ́ ẹ gbé ẹ̀pà sí ìdí ẹ̀.

Fóònù ńkọ́? Èmi ò fara mọ́ ọn bí ẹ̀bùn àárín ìwé kíkà rárá. Ẹ ní kó fi ìṣẹ́jú márùn-ún wò ó, fídíò kan á fa òmíràn, dátà á tán, ilẹ̀ á ṣú, ìwé á wà níbi tó wà. Ẹ̀bùn tó dáa gbọ́dọ̀ ní ibi tó ti ń parí, ẹ̀pà ọwọ́ kan á tán.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣèlérí fóònù àti ọ̀kadà, ẹ má yẹ àdéhùn o. Ẹ kàn pe ọmọ náà lálẹ́ òní, ẹ bi í pé èwo ló fẹ́ ṣe parí kó tó sùn, kẹ́ ẹ jọ fẹnu kò lórí nǹkan kékeré tó máa gbà lẹ́yìn ẹ̀. Tó bá parí ẹ̀, ẹ fún un lójú ẹsẹ̀, ẹ má sọ pé "màá fún ẹ tó bá di Sátidé". Tí ò bá parí ẹ̀, ẹ má fún un, ẹ má sì bú u, kẹ́ ẹ gé iṣẹ́ náà kéré sí i lọ́la.

Èmi ni,
Tíṣà lẹ́sìn ìrọ̀lẹ́,
Kabba, Ìpínlẹ̀ Kogí.